Ìyá ilé kejì dá owó ọpẹ́ wa padà: ṣé a ṣẹ̀ wọ́n ni?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú oṣù Kẹfà tó kọjá ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi kúrò ní Èkó wá sí Ìbàdàn, níbi tí a kò ti ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ kankan. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ tó kó ẹrù wa tó dé, òjò ń rọ̀, awakọ̀ kò sì gbà láti wọ àdúgbò nítorí ẹrẹ̀. Ẹ̀bá títì ló já ẹrù wa sí. Ìyá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí títì náà, tí ilé wọn sì ṣe ìkejì sí èyí tí a gbà, ló ṣí ṣọ́ọ̀bù pé kí a kó ẹrù wa síbẹ̀. A kò rí ara wa rí. Àwọn ọmọkùnrin wọn bá wa rù ú, wọ́n ro àmàlà fún wa, ilé wọn sì ni àwọn ọmọ wa méjèèjì sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú mi lọ sí ọjà Bódìjà, wọ́n fi mí han àwọn tí wọ́n ń ra gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí, kí ẹnikẹ́ni má fowó lé ọjà fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà sínú àpò ìwé, ó sì rán ọmọ wa àgbà sí wọn. Wọ́n dá ọmọ náà padà pẹ̀lú owó bí ó ṣe wà, wọ́n ní kí ó kí wa. Láti ìgbà náà, wọ́n ń dáhùn bí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀yàyà ọjọ́ àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní ẹni tí kò gba owó, ohun tó ju owó lọ ló ń wá, pé kí n ṣọ́ra. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣé a ṣẹ̀ wọ́n ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ irú oore báyìí? (Ìyàwó Àlejò, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó Àlejò, ilé tuntun á tù yín lára. Ohun tí ẹ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó náà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn kò dára. Owó tí a fi rán ọmọdé ní ọjọ́ kejì gan-an, kí ọkọ àti ìyàwó tó fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ẹnu ọ̀nà wọn, owó iṣẹ́ ni ó jọ. Bí a ṣe ń san ti aláàárù nìyẹn: ó gbé ẹrù, a sanwó, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá náà kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí wọ́n mú yín dé Bódìjà tí wọ́n ní ọmọ àwọn ni yín, orúkọ ara wọn ni wọ́n fi dúró fún yín. Bí ẹ bá ra gàrí láwìn lọ́la tí ẹ kò san án, ọ̀dọ̀ wọn ni ọlọ́jà yóò gbà lọ.

Irú nǹkan báyìí ti pẹ́ ní Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni ìlú náà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, nítorí náà àlejò ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pe ara wọn ní onílé lónìí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn, agboolé ológun kan ni yóò wọ̀ sí. Ológun náà yóò fún un ní ibi tí yóò kọ́lé sí àti ilẹ̀ tí yóò fi dáko, yóò sì dúró fún un bí ẹjọ́ bá dé, àlejò yóò sì máa tẹ̀ lé e lọ sójú ogun. Nínú oríkì ìlú náà ni wọ́n ti ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. N kò sọ pé gbogbo ará Ìbàdàn ló rí bẹ́ẹ̀ (ẹni tó gba owó ẹ́jẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá), ṣùgbọ́n ohun tí ìyá yìí ṣe kò ṣàjèjì sí ìlú wọn.

Ní ti ọkọ yín, n kò bá a wí pé ó ń fura. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ ti rí oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá nǹkan kì í dá ohun tí a fi sí i lọ́wọ́ padà, kí ó sì dákẹ́. Ìgbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ bá ń béèrè ìwé ilé tàbí nọ́ńbà àkáǹtì, tàbí tó ní kí a ṣe onídùúró fún òun níbi tí òun ti fẹ́ yáwó, ni kí ara fu wá.

Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Bí ọkọ wọn bá wà, tàbí àgbàlagbà mìíràn nínú ilé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, nítorí abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni àwọn ọmọ yín sùn. Kí ọkọ yín ni ó sọ̀rọ̀, nítorí òun ló fi owó ránṣẹ́. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì ka ohun tí wọ́n ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹrù, àmàlà, ibùsùn àti ọjà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ rí gbogbo rẹ̀. Kí ó má dárúkọ owó. Bí àwọn fúnra wọn bá mú un sọ, kí ó ní kí wọ́n máà bínú, pé àìmọ̀ ni. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo; èso tàbí búrẹ́dì tó. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tún yà, kí ẹ ní, “Ẹ ṣeun àná o.” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkíni yìí gan-an ni wọ́n ń retí ní ọjọ́ kejì tí àpò ìwé fi dé.

Owó náà yóò rí ibi lò. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ṣe ìnáwó, bóyá ìgbéyàwó ọmọ tàbí ìsọmọlórúkọ. Ẹ ra aṣọ ẹbí, ẹ jókòó láàárín àwọn ará ilé, kí ẹ sì ná an lójú agbo. Wọn yóò gbà á níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí ọjọ́ náà tó dé, ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti máa ra ohun tí wọ́n bá ń tà, kí ẹ má sì náni jù.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Èmi ni mo ran ìdílé kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé àdúgbò wa, èmi ni mo sì wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn. Wọ́n ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ báyìí, wọn kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ṣé kí n bá wọn sọ ọ́? (Bàbá Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bá wọn sọ ọ́, Bàbá, bí ẹ bá ka oore náà sí wọn létí, gbèsè ni wọn yóò gbọ́. Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, kò sì pẹ́ púpọ̀, ní nǹkan bí 1834, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn nígbà náà, fi gba àwọn Òwu tí ogun lé kúrò nílé síbẹ̀. Àwọn Òwu ní àdúgbò tiwọn, wọ́n sì ní Olówu tiwọn títí di òní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní aláìmoore nítorí pé wọ́n dá dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣàárò ìdílé náà ni, ẹ̀yin ni kí ẹ yà sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì béèrè kíláàsì tí ọmọ náà wà báyìí.