Kí Ẹ Tó Wọ Bakingili

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gun òkè Ìdànrè ni ó ti ń wù mí láti rí ibi tí òkè ti yọ iná ní tòótọ́. Mo gbọ́ nípa abúlé Bakingili, tí ó wà nínú igbó ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù. Ìgbà wo ni kí n lọ, báwo ni mo sì ṣe lè wọ abúlé náà bí ọmọlúàbí?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba Ìdànrè, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ wa ni ó rò pé òkè náà ti yọ iná rí. Kò rí bẹ́ẹ̀: inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta Ìdànrè ti tutù tí ó sì le, kí òjò àti oòrùn tó bó ohun tí ó bò ó kúrò. Ti Bakingili yàtọ̀. Ní ọdún 1999, àpáta yíyọ́ ṣàn wálẹ̀ láti ara Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju mítà 4,000 lọ, ó la igbó kọjá, ó gé títì tí ó ti Limbe lọ sí Idenau, ó sì kù díẹ̀ kí ó dé òkun, débi pé àwọn ará abúlé ní láti kó kúrò fúngbà díẹ̀. Ojú ibẹ̀ ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì rí ṣákaṣàka bí páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ má wọ sálúbàtà débẹ̀ o.

Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kí ẹ lọ. Òjò Debundscha, tí kò jìnnà síbẹ̀, tó nǹkan bíi mílímítà 10,000 lọ́dún, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún òjò Àkúrẹ́ lọ.

Ọ̀dọ̀ olórí abúlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí ẹ sì gba ọmọ ibẹ̀ kan tí yóò mú yín rìn. Àwọn Bakweri tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà gbà pé ilé Efasa Moto, òrìṣà òkè náà, ni, nítorí náà ẹ má ṣe ya fọ́tò kí ẹ tó tọrọ àyè. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lọ́jà níbí, wọ́n ń sọ irú rẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú.

N kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín: láti ọdún 2017 ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ ní apá tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù, Limbe àti Bakingili sì wà lára rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀nà Mamfe, ìyẹn ọ̀nà orí ilẹ̀ láti Nàìjíríà. Ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú dé Douala, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ń gbé Limbe bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú pọn dandan. Inú ìwé ìrìnnà yín gan-an ni kí ẹ fi sí.