Kí ni Jákọ́bù ní lọ́kàn nígbà tó ní "ẹ ṣì í béèrè"?

Ẹni tó béèrè yìí ka Jákọ́bù 4:3, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Ẹsẹ náà ní: "Ẹ̀yin béèrè, ẹ kò sì rí gbà, nítorí tí ẹ̀yin ṣì í béèrè, kí ẹ̀yin kí ó lè lò ó fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara yín." (Kéèyàn ṣì í béèrè ni pé kó béèrè lọ́nà tí kò tọ́.) Ó ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ lòun ń gbàdúrà fún, ẹlẹgbẹ́ òun kan náà sì ń wá ipò yẹn. Ṣé àdúrà onímọtara-ẹni-nìkan lòun ń gbà? Ṣé kí òun dákẹ́ ni?

Ẹ má dákẹ́. Jákọ́bù ò ní kéèyàn má tọrọ nǹkan fún ara rẹ̀. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ní ẹsẹ 2, kó tó dé orí èyí tó dà yín láàmú, ni pé wọn ò ní nítorí pé wọn ò béèrè. Ẹ padà ka orí 4 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìjà ló bá débẹ̀. Ó ń bi wọ́n pé níbo ni ogun àti ìjà àárín wọn ti ń wá. Àwọn tó ń fa nǹkan ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ yìí kan náà ló wá kúnlẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kí Ọlọ́run gbè sẹ́yìn tiwọn. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ló ń bá wí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i bó ṣe ń rí, ẹ ṣí Máàkù orí 10. Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè, wá bá Jésù. (Jákọ́bù yìí kọ́ lọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ lẹ́tà o. Hẹ́rọ́dù fi idà pa eléyìí ní Ìṣe orí 12. Jákọ́bù arákùnrin Olúwa ni ìjọ àtijọ́ máa ń ka lẹ́tà náà sí lọ́rùn.) Àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ kí ó ṣe ohunkóhun tí àwọn bá béèrè. Wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n ti fẹ́ kí ó jẹ́ hẹn ná! Jésù bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe fún wọn. Wọ́n ní kí ọ̀kan jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, kí ìkejì jókòó sí òsì, nínú ògo rẹ̀. Àwọn mẹ́wàá yòókù ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbọ́, inú bí wọn gidigidi. Bí Mátíù ṣe sọ tiẹ̀, ìyá wọn ló wá bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ yẹn máa ń mú mi ronú, torí obìnrin náà ò tọrọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ọmọ ló ń tọrọ fún. Èèyàn lè máa gbàdúrà fún ẹlòmíràn kó sì jẹ́ tara rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ kà á síwájú díẹ̀ sí i. Bátíméù afọ́jú ń kígbe lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ìbéèrè tí Jésù bi àwọn ọmọ Sébédè náà ló bi í. Ó ní òun fẹ́ ríran. Ara rẹ̀ nìkan ló tọrọ fún, kò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí yóò fi ojú náà ṣe. Jésù ò bá a wí. Ojú rẹ̀ là, ó sì tẹ̀ lé e lọ lọ́nà. Máàkù to ìtàn méjèèjì tẹ̀ léra, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì ni. Bí Bátíméù bá ríran, kò sẹ́ni tójú rẹ̀ máa fọ́ nítorí ẹ̀. Àmọ́ kí àwọn ọmọ Sébédè tó jókòó síbi tí wọ́n ń wá, àfi kí ẹlòmíràn gba ẹ̀yìn lọ.

Lójú tèmi, èyí tó burú jù nínú àwọn àdúrà onímọtara-ẹni-nìkan ò tiẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ kankan nínú. Farisí inú Lúùkù 18 ò tọrọ ohunkóhun. Ọpẹ́ ló ń dú: òun ò rí bí àwọn èèyàn yòókù, òun ò rí bí agbowó òde tó dúró lọ́hùn-ún yẹn, òun ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òun ń san ìdámẹ́wàá. Agbowó òde ní tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú òun, òun ló sì lọ sílé ní ìdáláre.

Nítorí náà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kéèyàn yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àdúrà pátápátá. Oúnjẹ wà nínú àdúrà tí Jésù fi kọ́ wa, "wa" la sì ń wí níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé oúnjẹ ọmọnìkejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Ní Gẹtisémánì, òun alára ní kí ago náà ré òun kọjá, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún Baba.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbà pé ọkàn gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní kéèyàn tó gbàdúrà. Ta ni yóò gbà á nígbà náà? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà láyé àtijọ́, jẹ́wọ́ pé nígbà èwe òun, òun ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún òun ní ìkóra-ẹni-níjàánu, àmọ́ kó má tíì jẹ́ báyìí ná. Ẹ̀rù ń bà á kí Ọlọ́run má lọ tètè gbọ́! Lẹ́yìn tí ogun kó ìlú Róòmù lọ́dún 410, opó olówó kan tó ń jẹ́ Proba, tó sá wá sí Áfíríkà, bi í bó ṣe yẹ kí òun máa gbàdúrà. Nínú èsì rẹ̀, Augustine dé orí ọ̀rọ̀ yín gan-an: kò sí àbùkù nínú kéèyàn fẹ́ ipò àti àṣẹ, bó bá jẹ́ torí oore àwọn tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ ni, tí kì í ṣe torí ipò náà fúnra rẹ̀.

Ẹ gbàdúrà ìgbéga yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹlẹgbẹ́ yín sí i. Bí ẹ ò bá lè dárúkọ rẹ̀ àfi kí ẹ ní kí ó já kulẹ̀, ẹ ti di ọmọ Sébédè nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Jákọ́bù dé orí 5 ẹsẹ 4 kí ẹ tó gba ipò ọ̀hún. Àwọn ọ̀gá oko wà níbẹ̀ tí wọn ò san owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe tó bá wọn kórè. Jákọ́bù ní igbe àwọn olùkórè náà ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun.