Ta Ni Yóò Ra Rọ́bà Pọ́ǹpù Nígbà Tí Ẹ Bá Ti Padà Sílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àwa márùn-ún la dá ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan sílẹ̀. A ti kó owó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan tí ọ̀wọ́n omi ń bá fínra. A ti pinnu pé a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ san ohunkóhun, torí tálákà ni wọ́n, ẹ̀bùn Ọlọ́run sì ni omi. Ẹni tó fẹ́ bá wa gbẹ́ kànga náà ní òun ní pọ́ǹpù tí kì í bàjẹ́. Ṣé ká gbà á? Irú èwo ló dára jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Kò sí pọ́ǹpù tí kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún un. Àìmọye lẹ́tà ni mo ti gbà tí irú ìlérí yìí wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi, nítorí owó àánú ni wọ́n fi ń ṣòfò.

Ti pọ́ǹpù kò le. Bí omi kò bá jìn ju nǹkan bíi mítà 45 lọ, pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Afridev dára: spánà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tú u, àwọn ará abúlé fúnra wọn sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Irú kejì, India Mark II, náà lágbára, àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fa páìpù rẹ̀ sókè látinú ihò kí ọwọ́ tó tó rọ́bà inú rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ nìyẹn. Ju èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ, èyí tí wọ́n ti ń lò ní agbègbè yẹn, tí wọ́n sì lè rí pààtì rẹ̀ rà nítòsí, ni kí ẹ rà. Mo ti dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ohun tí ẹ ti pinnu láìbéèrè ló máa pa kànga yín.

Ẹ ní ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n san ohunkóhun. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìlànà Sphere tí àwọn àjọ aláàánú ń tẹ̀ lé nígbà àjálù sọ pé kí ènìyàn tó ń lo pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ kan má ju 500 lọ, kí omi ẹnì kọ̀ọ̀kan má sì dín sí lítà 15 lójúmọ́. Bí ènìyàn 500 bá ń pọn lítà 15, lítà 7,500 nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 bíi 375, lójoojúmọ́, òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn. Gbogbo ìgbà tí ọmọdé tàbí àgbà bá tẹ apá pọ́ǹpù náà, rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ tó ń ha ara rẹ̀ mọ́ inú páìpù kó tó gbé omi wá. Báwo ni rọ́bà yẹn ò ṣe ní jẹ? Lẹ́yìn rọ́bà, ó kan bẹ́áríìnì, ó kan ọ̀pá irin, ó kan páìpù. Omi ẹ̀bùn Ọlọ́run ni lóòótọ́. Rọ́bà kì í ṣe ẹ̀bùn Ọlọ́run, ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, ọjà ni wọ́n ti ń rà á.

Nítorí náà, "kò ní san" kò sọ owó náà di òfo. Ẹlòmíràn ló máa san án. Ṣé ẹ̀yin márààrún yóò máa fi owó rọ́bà ránṣẹ́ fún ogún ọdún? Ẹgbẹ́ kékeré kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀kan á kó lọ, àárẹ̀ á mú òmíràn, àwọn tó ń dáwó á yà síbòmíràn. Ọjọ́ tí kò bá sí owó rọ́bà, obìnrin tí ẹ ní ẹ ń ṣàánú á padà sí odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọ rẹ̀ ló máa fi san án. Tàbí kó lọ ra omi lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kó sì san ju iye tí ẹ kọ̀ fún un láti dá lọ.

Kì í ṣe pé mo kàn ń dẹ́rù bà yín. Ní 2009, àjọṣepọ̀ tó ń jẹ́ Rural Water Supply Network ṣe àkójọ àkọsílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè 20 ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà: nínú 100 pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀, nǹkan bíi 36 ni kò ṣiṣẹ́. Omi àwọn kan ló gbẹ, àwọn kan wà tí wọn ò gbẹ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà tó jẹ́ pé ohun kékeré ló bàjẹ́ lára wọn tí kò sí ẹni tó ní owó tàbí àṣẹ láti tún un ṣe. Èmi fúnra mi ti dé abúlé kan tí pọ́ǹpù mẹ́ta wà. Orúkọ olùtọrẹ wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dà rẹ̀ sì ń dán. Àwọn obìnrin ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sódò.

Àwọn kan máa gbà pẹ̀lú mi kíá, wọ́n á ní "ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́," pé ká gba owó kí wọ́n lè mọ iyì rẹ̀. Mi ò sí lẹ́yìn ìyẹn náà. Ẹni tó ti ń ru omi láti kékeré ti jìyà tó, ó mọ iyì omi ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Owó yẹn kì í ṣe pàṣán tí a fi ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Owó rọ́bà ni. Bí àtúnṣe kò bá tẹ̀ lé e, ẹ má gbà á.

Nígbà tí àtúnṣe bá sì tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn máa ń san. Ní agbègbè Kyuso ní Kenya, àwọn olùwádìí Fásitì Oxford so ẹ̀rọ kékeré mọ́ apá pọ́ǹpù, tó ń fi tẹlifóònù ròyìn bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n sì ní àwọn atúnṣe tó wà ní sẹpẹ́. Tẹ́lẹ̀, pọ́ǹpù tó bàjẹ́ máa ń dúró bíi ọjọ́ 27. Ó wá di pé kì í tó ọjọ́ 3. Lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ rí èyí, owó tí wọ́n ṣe tán láti máa dá gbéra sókè. Ìgbìmọ̀ abúlé tó ń gba owó jọ nìkan kì í tó, torí náà. Ẹ wá atúnṣe tó ń gbé nítòsí, kí abúlé náà sì bá a ṣe àdéhùn kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Ti tálákà paraku ńkọ́, opó, arúgbó, aláìsàn? Àwọn ará abúlé mọ̀ wọ́n ju yín lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn jókòó yọ àwọn tí kò ní san. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pinnu bóyá oṣooṣù ni wọn yóò máa dá a tàbí lẹ́yìn ìkórè nígbà tí owó wà lọ́wọ́. Kí akápò jẹ́ obìnrin bó bá ṣeé ṣe, nítorí àwọn obìnrin ni pọ́ǹpù tó bàjẹ́ ń dùn jù. Kí wọ́n ka ìwé owó sókè létígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Owó tó bá sọnù lẹ́ẹ̀kan péré ti tó láti mú kí gbogbo abúlé dẹ́kun dídá a.

Mi ò tíì rí abúlé náà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń fi igi ẹlẹ́ka méjì wá omi kò lè rọ́pò rẹ̀ bákan náà. Kànga náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán mítà 30, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni tó bu omi náà mu, ẹ gbé e lọ sí láàbù. Ní Bangladesh, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga oníhò tóóró káàkiri kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ omi ẹlẹ́gbin. 1993 ni wọ́n tó mọ̀ pé ásẹ́níìkì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Májèlé ni, omi tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀ sì mọ́ gaara lójú, kò ní òórùn, kò ní adùn kankan.

Ó ku ohun kan tó lè dín ìnáwó yín kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin níbẹ̀ bóyá pọ́ǹpù tó ti bàjẹ́ wà ní abúlé náà tàbí nítòsí rẹ̀. Bó bá wà, tí omi inú rẹ̀ sì dára, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi í bẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ àti àdéhùn atúnṣe tí mo sọ. Ẹ fi owó kànga tuntun pamọ́ ná.