Fílítà ọ́ìlì: inú rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe páálí

Ẹ̀gbọ́n wa láti Modákẹ́kẹ́ tó béèrè lórí fílítà ọ́ìlì Honda Accord, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní mẹkáníìkì yín sọ pé bébà náà ni gbogbo wọn, pé kí ẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú ní Lágéré, kí ẹ fi owó yòókù ra ọ́ìlì gidi. Ẹ tún ní ẹ rí òmíràn tí wọ́n kọ 99% sí lára, tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Mẹkáníìkì yín kò parọ́ pé bébà ni. Ṣùgbọ́n bébà ju bébà lọ, àwọn ohun tó yí bébà yẹn ká ló sì ń da ẹ́ńjìnnì láàmú jù. Iléṣà ni mò ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gé gbogbo fílítà tí mo bá yọ kúrò lára mọ́tò mi. Ohun tó ṣojú mi ni mo fẹ́ sọ.

Ariwo kan ló kọ́ mi ní gígé. Tí mo bá sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo, tó bá yá á dákẹ́. Iná ọ́ìlì pupa náà máa ń pẹ́ kó tó kú. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì, pé ká tú u. Ẹlòmíràn ní kí n tètè máa wá owó tókúnbọ̀. Bàbá àgbà kan tó ń ṣe mọ́tò nítòsí Ẹ̀rẹ́jà ló ní ká mú sùúrù, ká kọ́kọ́ yọ fílítà ná. A gé e. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú fílítà, òun ló ń dá ọ́ìlì dúró síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ti inú èyí ti gan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dá sí méjì. Ìyẹn ni pé láti alẹ́ mọ́jú ni ọ́ìlì inú fílítà ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, pọ́ǹpù á kọ́kọ́ kún fílítà òfìfo kí ọ́ìlì tó débi tí irin ti ń lọ irin. A wé fílítà míì mọ́ ọn, ariwo náà lọ pátápátá. A ò tú ẹ́ńjìnnì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí rọ́bà yìí dáadáa, torí fílítà tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí kò kọjú sókè, kò lè di ọ́ìlì rẹ̀ mú láìsí i. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní nitrile máa ń gan tó bá pẹ́ nínú ọ́ìlì gbígbóná. Rọ́bà sílíkónì kì í tètè gan, pàápàá nínú ooru tiwa yìí àti gósílóò tí mọ́tò máa ń jókòó sí tí ẹ́ńjìnnì kò ní sinmi. Ẹ lè wò ó ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó: ihò ńlá kan wà láàárín ìdí fílítà, àwọn ihò kéékèèké yí i ká. Ẹ yọjú sínú àwọn kéékèèké yẹn, ẹ ó rí rọ́bà náà. Ẹ fi nǹkan tó rọ̀ tì í díẹ̀, kó rọ̀, kó sì padà sáyè rẹ̀.

Bébà wá kàn. Mo ti gé èyí tí orúkọ ńlá wà lára páálí rẹ̀, tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni. Bébà inú rẹ̀ kò pọ̀, ìṣẹ́po rẹ̀ fẹ̀ níbì kan, ó há níbòmíràn, gáàmù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí kò sì dé ẹ̀gbẹ́ kan. Ìka mi gba àlàfo yẹn kọjá. Ibi tí ìka bá gbà, ṣé ọ́ìlì á wá lọ bá bébà jà ni? Ibẹ̀ ni yóò gbà, tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀. Inú bí mi, torí owó ojúlówó ni mo san.

Ní ti 99%, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé 99% ìdọ̀tí tó tóbi tó wo? Ìdọ̀tí inú ọ́ìlì, máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan. Irun orí èèyàn tó nǹkan bíi 70. Fílítà tó ń mú 99% ohun tó tó 20 máíkírọ́ọ̀nù, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Èyí tó ń mú 99% ohun tó tó 40, ẹ lè kọ nọ́ńbà kan náà sára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìdánwò tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ṣẹ́ ń tọ́ka sí ni ISO 4548-12: wọ́n á máa da eruku tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á máa gba inú fílítà kọjá léraléra, wọ́n á sì máa ka ìdọ̀tí tó wọlé àti èyí tó jáde. Iye èyí tó wọlé, tí wọ́n bá fi iye èyí tó jáde pín in, ni wọ́n ń pè ní Beta. Tí wọ́n bá kọ Beta 2, ìdajì ni fílítà yẹn ń mú. Beta 100 ni 99%. Páálí tó bá ní nọ́ńbà láìsọ máíkírọ́ọ̀nù rẹ̀, èmi kì í kà á sí.

Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ General Motors, ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, gbé èsì ìdánwò kan jáde. Nígbà tí wọ́n fi fílítà tó ń mú ohun tó tó 30 máíkírọ́ọ̀nù rọ́pò ti 40, bí irin ṣe ń jẹ nínú ẹ́ńjìnnì fi ìdajì dín kù. Nígbà tí wọ́n lo ti 15, ó fi 70% dín kù. Ẹni tó bá ń gba Òṣú kọjá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ mọ ohun tí eruku pupa ń ṣe. Ṣùgbọ́n fílítà afẹ́fẹ́ ni eruku yẹn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Tí ti afẹ́fẹ́ bá ti ya, tàbí kò jókòó dáadáa, fílítà ọ́ìlì kan kò lè rù ú tán.

Fáàfù kan tún wà nínú rẹ̀, bypass ni wọ́n ń pè é. Tí bébà bá dí, tàbí tí ọ́ìlì bá ki ní òwúrọ̀ ọyẹ́, á ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìsẹ́, torí ọ́ìlì ìdọ̀tí sàn fún bẹ́ríǹgì ju kó má rí ọ́ìlì rárá lọ. Nínú ayédèrú, sípíríǹgì rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, á kàn máa ṣí ṣáá. Ẹni tó bá sì ní ká fi bẹntiróòlù fọ fílítà ká tún un lò, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún tírẹ́ẹ̀dì o, ìyẹn eyín tí wọ́n fi ń wé fílítà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ti Honda ni M20 × 1.5, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó mílímítà 20, ọ̀pọ̀ Toyota ń lo ¾ ínǹṣì, tí í ṣe mílímítà 19.05. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Fílítà Honda á wọ ti Toyota, á dà bíi pé ó dè, ṣùgbọ́n kò dì mú, ọ́ìlì sì lè tì í já bọ́ níbi tí ẹ ti ń wa mọ́tò lọ. Tí wọ́n bá fipá wé ti Toyota mọ́ tiyín, eyín ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń bà jẹ́ yẹn.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ gé èyí tó wà lára mọ́tò yín, ẹ má lo ayùn irin. Irin tí ayùn bá gé á dà sínú bébà, ẹ ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ. Irinṣẹ́ tó ń yí po, irú èyí tí wọ́n fi ń gé páìpù, ni kí ẹ lò. Ẹ fi abẹ gé bébà kúrò, ẹ fún un láàárín pákó méjì, ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn. Tí ohun kan bá ń dán, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: èyí tó bá lẹ̀, irin ni, èyí tó dán tí kò lẹ̀, bẹ́ríǹgì tàbí àlùmíníọ́mù ni, ẹ tètè fi han ẹni tó mọṣẹ́.

Ohun tí èmi máa rà tó bá jẹ́ mọ́tò tèmi ni: ojúlówó tí owó rẹ̀ wà láàárín, lọ́wọ́ ẹni tó gbà kí n ṣí páálí lójú òun, ṣáájú olówó ńlá tí mi ò mọ orísun rẹ̀. 15400-PLM-A02 ni nọ́ńbà Honda fún èyí tó bá ọ̀pọ̀ Accord tó wá láti Amẹ́ríkà mu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Tẹ́ẹ bá ti gé ti àtijọ́, ẹ ya fọ́tò bébà àti rọ́bà rẹ̀ síbí, ká jọ wò ó.