Nípa ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ rà fún màmá

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní 168 ni nọ́ọ̀sì bá lápá wọn ní ọsibítù, ẹ délé, ẹ̀rọ tiyín sọ pé 134, ẹ ò wá mọ èyí tí ẹ máa gbà gbọ́. Mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí rí, àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ sì pa màmá tèmi lára.

Ẹni ọdún 76 ni wọ́n nígbà tí mo ra ẹ̀rọ. Ìgbàkígbà tí àyà mi bá ti já ni mò ń so ó mọ́ wọn lápá. Wọ́n lè ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, ìtọ̀ lè máa gbọ̀n wọ́n, wọ́n lè máa bá aládùúgbò fa ọ̀rọ̀ omi, èmi ò wo ìyẹn. Lórí súwẹ́tà gan-an ni mo ń so ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé 178 wá. Mo fún wọn ní oògùn míì lé èyí tí wọ́n ti lò, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú, ọrùn-ọwọ́ wọn sì kán.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí màmá kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí aṣọ má sí lápá ọ̀hún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, àti lálẹ́ kí wọ́n tó sùn: ẹ̀ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 7, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà ṣeé gbára lé. Àròpín ọjọ́ 6 tó kù ni kí ẹ wò. Nínú ilé, 135/85 (135 ni nọ́ńbà òkè, 85 ni ti ìsàlẹ̀) ni wọ́n ti ń pè é ní gíga, kì í ṣe 140/90 ti ọsibítù. Ẹ rí i pé 134 tiyín ò jìnnà sí i rárá.

Ẹ wo aṣọ ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, dáadáa. Tí apá màmá bá tóbi, tí aṣọ náà sì há, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ òkè apá ló dára, kì í ṣe ti ọrùn-ọwọ́.

Fún àgbàlagbà, ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3 tí wọ́n dìde, ẹ sọ fún dókítà. Ká ní mo mọ èyí ni!

Ẹ gbé ìwé náà àti ẹ̀rọ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fi í wé tiwọn. Ìwé tiwa ni dókítà wò tó fi béèrè oògùn orúnkún tí màmá ń rà ní kẹ́mísì. Diclofenac ni, ó sì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Tí ẹ bá rí 180/120, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n. Àmọ́ tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ẹnu bá wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá ṣeé gbé, ẹ má dúró wọn nǹkan kan mọ́, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kún oògùn fúnra yín. Títí dòní, tí òtútù bá mú, ọrùn-ọwọ́ màmá ṣì máa ń ro wọ́n.