Ejò, pàṣán àti lẹ́tà tó jọ 3: owó ta nìyí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Milan ni mò ń gbé. Mo ra owó fàdákà pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta àlòkù. Ojú kan ní bàbá tó jókòó sórí àga, tó mú pàṣán dání. Ojú kejì ní ejò tó ń gbé ènìyàn mì, G wà lápá kan rẹ̀, 3 wà lápá kejì. COMES VIRTVTVM ni mo rí kà létí rẹ̀. Ṣé owó mẹ́ta ni? Ta ló ni ín? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ẹ kà létí owó náà ló máa dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè yín.

3 yẹn kì í ṣe òǹkà. Bí àwọn akọ̀wé ayé ìgbà yẹn ṣe ń kọ Z nìyẹn. G àti Z, Galeazzo ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ Galeazzo méjì ló wà, bàbá àti ọmọ: Galeazzo Visconti Kejì, tó kú ní 1378, àti Gian Galeazzo ọmọ rẹ̀. Ejò ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àmì ìdílé Visconti ni. Oyè ló yà wọ́n. Ní 1360, nígbà tí Gian Galeazzo ṣì kéré, wọ́n fẹ́ Isabelle, ọmọ ọba Faransé, fún un, oyè ilẹ̀ Vertus sì bá ìyàwó wọlé. Vertus yìí làwọn ará Ítálì ń pè ní virtù, ìwà rere. Bí ọmọ náà ṣe di Olóyè Ìwà Rere nìyẹn, òun ni Comes Virtutum.

Ọdún 1385 ló gba Milan mọ́ Bernabò, àbúrò bàbá rẹ̀, lọ́wọ́. Ní 1395 ó di duke, oyè tó ga ju olúwa lásán lọ. Owó yín kò ní déètì, ṣùgbọ́n tí D MEDIOLANI, ìyẹn olúwa Milan, bá tẹ̀ lé ohun tí ẹ kà, àárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni wọ́n rọ ọ́. Ẹ tún wò ó dáadáa, 3C yóò wà lópin. Kì í ṣe òǹkà níbẹ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni: “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.” Ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí etí owó lè gbà lọ.

Bàbá onípàṣán ni Ambrose Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Milan tó kú ní 397. Àwọn ará Milan gbà pé ó fi pàṣán yẹn jà fún wọn lójú ogun Parabiago ní 1339. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lára owó yìí: olúwa gba ìlú, ó fi ejò rẹ̀ sójú kan, àmọ́ ó fi ojú kejì sílẹ̀ fún ẹni mímọ́ tí gbogbo ọjà ti mọ̀ kí ìdílé rẹ̀ tó dé.

Ní ti iye rẹ̀, sólídò kan àtààbọ̀ ni. Dènárò 12 ló ń jẹ́ sólídò, sólídò 20 ló ń jẹ́ lírà. Àwọn àgbà wa tó ná pọ́n-ùn àti ṣílè kí náírà tó dé ní 1973 ò ní rí i bí àjèjì: ìṣirò kan náà ni. Ṣílè kan àti sísì ni ká pè é.

Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó yẹ kó tó gíráàmù méjì àtààbọ̀, díẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi ń lu irú rẹ̀, nítorí náà kì í rí roboto géérégé. Tí ẹ bá rí ìlà tó yí etí rẹ̀ ká, tàbí ihò wínníwínní bíi ti irin dídà, wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Dúdú ara rẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́. Ìfọ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá tó tà á fún yín, kí ẹ gba rìsíìtì. Lófin Ítálì, ìjọba ló ni ohun àtijọ́ tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti rí i kí ẹ tó gbé e kúrò ní Ítálì.