Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Ń Jẹ Ẹ̀wà Sóyà Tí Ṣáínà Ń Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkígbà tí aáwọ̀ òwò bá ṣẹlẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, mo máa ń gbọ́ orúkọ ẹ̀wà sóyà. Kí ló dé tí ẹ̀wà fi di ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́? Ṣé àwọn ará Ṣáínà ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí ibi tí ẹ parí ìbéèrè yín sí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará Ṣáínà ti ń gbin sóyà tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rà láti òkè òkun, tó ń lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti ẹja tí wọ́n ń sìn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fún sóyà 100 kìlógíráàmù, òróró tó ń jáde kò ju nǹkan bíi 19 lọ, nígbà tí nǹkan bíi 79 yóò ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí èérún tó kún fún purotéènì, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ àgbàdo fún ẹran ọ̀sìn. Ìdí nìyí tó fi dá wa lójú pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà sóyà yóò ṣe rí ní láti wo ìsọ̀ ẹran kí ó tó wo oko. Ní 2018, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kọlu ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà, sóyà tí wọ́n ń rà dínkù.

Ọdún yẹn náà, ní oṣù keje, ni Ṣáínà fi owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sóyà Amẹ́ríkà, láti fi dá owó ibodè tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bù lé ọjà tirẹ̀ padà. Ibi tó ti máa dun àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fọwọ́ kàn, wọ́n sì yíjú sí Bùràsílì.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún Bùràsílì. Ní 1973, ìjọba Ààrẹ Nixon dá títa sóyà sí òkè òkun dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, ni Japan, tó gbára lé e, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn, ó sì náwó sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní pápá Cerrado ti Bùràsílì. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí Embrapa wá irúgbìn tí kò ní tanná láìtíì dàgbà lábẹ́ ọ̀sán kúkúrú ilẹ̀ olóoru, wọ́n sì fi òkúta ẹfun lílọ̀ tún ilẹ̀ tó kún fún ásíìdì ṣe. Lónìí, Bùràsílì ló ń gbin sóyà jù lọ láyé.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni igi àti koríko Cerrado tí wọ́n ń hú kúrò fún oko wọ̀nyí. Ní 2006, àwọn oníṣòwò ńlá fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní ra sóyà tí wọ́n bá gbìn sí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó Amazon kúrò, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò kan Cerrado.